Àpótí ọ̀gànwó fún ẹ̀dà Colt 1851: ibo ni kí n wò kí n tó mọ̀ pé wọ́n ṣe ìbọn náà dáadáa?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Leeds:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ pákó ni mò ń ṣe níbí, àpótí ni mo sì ń kàn jù. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní 70 ọdún wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n kan àpótí ọ̀gànwó kan fún òun, irú èyí tí wọ́n fi ń ta rìfọ́fà Colt láyé Queen Victoria, tó ní yàrá-yàrá nínú, tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé tẹ́. Ìbọn tó máa sùn sínú rẹ̀ ni kò tíì sí nílẹ̀. Ẹ̀dà ló fẹ́ rà, torí iye tí wọ́n ń pe ojúlówó kò ṣe é gbọ́ sétí. Bàbá yìí ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin ìbọn ẹlẹ́tù. Mẹ́ta ló ń wò: ti Uberti àti ti Pietta, ilé iṣẹ́ méjì ní Ítálì, àti èyí tí ilé iṣẹ́ Colt tún gbé jáde láti 1971 sí 1982. Ó wá ní, "Ìwọ tó o mọ bí igi ṣe ń wọ inú igi, tẹ̀ lé mi lọ wò wọ́n." Mo dáhùn pé ó dáa, mo délé tán ni mo wá ń ronú. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa irin. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ohio):

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ́ àti àdá ni bàbá mi rọ ní Ìlá títí tó fi dàgbà, èmi náà wà nídìí máṣíìnì tó ń gé irin níbí. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ọ̀pá ìbọn. Ti Navy 1851, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe Colt 1851 yìí, kì í ṣe róbótó, igun mẹ́jọ ló ní, ó sì gùn tó ìǹṣì méje àbọ̀. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ kan ti pàdé èkejì gbọ́dọ̀ mú bí etí pákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìfági fá. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ rọra máa yí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sórí èkejì lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó fá a mọ iṣẹ́. Bó bá ń ṣàn kọjá bí omi, tí ẹ ò mọ ibi tí ẹ̀gbẹ́ kan parí sí, orí òkúta tó ń yí fáfá ni wọ́n gbé e lé, wọ́n sì ń kánjú relé. Ẹ wo àyíká sukúrúù náà. Bí ihò bá ti rì sínú bí ìdodo, àìsàn kan náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ tó wà lára férémù. Láyé ijọ́un, wọ́n á to irin sínú àpótí irin pẹ̀lú èédú igi àti èédú eegun, wọ́n á fi iná sí i fún wákàtí bíi mélòó kan, wọ́n á wá da gbogbo rẹ̀ sínú omi tí atẹ́gùn ń hó nínú rẹ̀. Awọ irin náà á le, inú rẹ̀ kò ní gan jù, àwọ̀ tó bá sì yọ lára rẹ̀ kò ní dọ́gba: aró níhìn-ín, eérú lọ́hùn-ún, koríko gbígbẹ láàárín. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fa àwọ̀ sára ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú. Ó máa ń dà bí bẹntiróò tó dà sójú omi. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì rí kò ní ṣì í mọ̀.

Èèkù rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún yín, torí igi ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Leeds:

Àbúrò, o ṣeun gan-an. Ìdodo yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Èèkù ńkọ́, ẹyọ igi kan ni àbí méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ohio):

Ẹyọ kan ni, igi walnut. Idẹ wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, igi wà láàárín. Ẹ fi èékánná yín tọ ojú rẹ̀ láti orí igi bọ́ sórí idẹ. Bó bá kọ́ yín lọ́wọ́, wọn ò parí rẹ̀. Àwọn àtijọ́ máa ń fá igi àti idẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kí wọ́n tó tú wọn palẹ̀ láti kun igi. Fáníìṣì pupa tó nípọn bí ṣúgà tí wọ́n yọ́, tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀dà, ẹ lè gbà á kúrò tí bàbá bá fẹ́, iṣẹ́ yín nìyẹn.

Màmá Káyọ̀dé (Maryland):

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Ìkìlọ̀ ni tèmi. Mo wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun dúdú tó jà nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn bíi 179,000 tó wọ iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀. Èmi ni mò ń rán aṣọ wọn. Ẹlẹ́ṣin ni ọkọ mi ń ṣe, òun ló ń gbé rìfọ́fà. Nígbà tí àfihàn kan ku ọ̀la, mo rí i pé idẹ tó yí ìfà ìbọn náà ká ti ṣókùnkùn. Mo mú Brasso, oògùn tí wọ́n fi ń fá idẹ kó lè dán, àti àkísà, mo fá a, ó ń dán yanran. Ọwọ́ mi ti wọ̀ ọ́, ni mo bá fá férémù náà mọ́ ọn. Kí n tó ṣẹ́jú, aró àti àwọ̀ koríko tí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ń sọ yìí ti kúrò lára irin, ó wà lára àkísà. Ọkọ mi wo ìbọn, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, o fọ àdìrẹ títí ó fi di aṣọ funfun."

Àwọ̀ yẹn fẹ́lẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Aṣọ gbígbẹ àti òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Tí yóò bá pẹ́ nínú àpótí, Renaissance Wax ni kí ẹ fi pa á, èyí tí àwọn onímọ̀ British Museum pò fún ìtọ́jú ohun àtijọ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ tí wọ́n fi ń há a mọ́ ìgbáròkó o! Awọ máa ń fa omi mọ́ra, ohun tí wọ́n sì fi ṣe awọ náà máa ń jẹ irin, ó máa ń mú idẹ hu àwọ̀ ewé.

Awo Ìtàn:

Ẹ jẹ́ kí n bu ìtàn díẹ̀ sí i, torí mo rí i pé bàbá yẹn rò pé ti Colt 1971 yàtọ̀ pátápátá sí ti Ítálì. Àfonífojì kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà yìí ti ń jáde, Val Trompia, lókè ìlú Brescia. Irin ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìwé ọjà kan tí wọ́n kọ ní 1526 ṣì wà tó fi hàn pé Beretta ta ọ̀pá ìbọn 185 fún ìlú Venice. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ń sún mọ́lé, oníṣòwò Amẹ́ríkà kan, Val Forgett, gba ibẹ̀ lọ pé kí wọ́n bá òun ṣe Navy 1851. Aldo Uberti wà lára àwọn tó bá ṣe é, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1959. Pietta wà ní Gussago, kò jìnnà síbẹ̀.

Nígbà tí Colt wá fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ tó ti pa tì láti 1873, àwọn ará Ítálì yìí kan náà ló lọ bá. Ọ̀dọ̀ Uberti ni àwọn ẹ̀yà ìbọn ti wá láìtíì fá, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti parí wọn. Nítorí náà, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni bàbá fẹ́ sanwó fún. Ẹ̀dà ni, ẹ̀dà náà ni.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ohio):

Ẹ̀gbọ́n Awo, ẹ má bínú, ibẹ̀ yẹn la ò ti ní gbà fún ara wa. Iṣẹ́ ìparí ni iṣẹ́! Irin ọkọ̀ tó ti kú ni bàbá mi fi ń rọ àdá. Ta ló máa ní kì í ṣe àdá bàbá mi, pé àdá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni? Mo ti di ti 1971 sí 1982 yẹn mú rí. Àwọ̀ aró rẹ̀ jìn bí omi kànga, etí rẹ̀ mú, gbogbo sukúrúù rẹ̀ jókòó pẹ̀lẹ́. Láti inú irin kan náà ni, àmọ́ ẹni tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn ní sùúrù.

Awo Ìtàn:

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí bàbá má san owó sùúrù lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun mìíràn. Bí ẹ bá rí "Navy 1851" tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ .44 (ìdá ìǹṣì ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ ihò ìbọn), ẹ mọ̀ pé wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ fún ọjà ni. .36 ni ti gidi. Bí ẹ bá tún rí èyí tí gbogbo férémù rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí orúkọ Colt wà lórí rẹ̀, Colt kò ta irú rẹ̀ rí. Irin ni férémù Navy. Lára sìlíńdà rẹ̀, ẹ óò rí àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó ń jagun: ìjà Campeche ni, láàárín ọkọ̀ Texas àti ti Mexico, May 16, 1843. Ormsby ló fín in sára irin líle kan, irin yẹn ni wọ́n ń yí mọ́ sìlíńdà kó lè tẹ àwòrán sí i lára. Ẹ wo okùn ọkọ̀ lára ẹ̀dà. Bí okùn bá fọ́, tí ìgbì òkun sì dà bí ìlà tí ọmọdé fà, wọ́n fi ìwọ̀n agbára tí kò tó tẹ̀ ẹ́ ni, tàbí kí irin ìtẹ̀wé wọn ti gbó.

Màmá Káyọ̀dé (Maryland):

Awo, ẹ má tíì gbá idẹ dànù. Férémù idẹ ní ìtàn tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Colt. Ní Griswoldville, nítòsí Macon ní Georgia, Samuel Griswold tó ń ṣe ẹ̀rọ òwú tẹ́lẹ̀ yí ilé iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ti ìbọn ní 1862, ó ń da Navy kọ fún àwọn ará Gúúsù. Irin wọ́n wọn, ni wọ́n bá fi idẹ ṣe férémù. Ó tó 3,600 tí wọ́n ṣe kí àwọn ẹlẹ́ṣin Àríwá tó wá dáná sun ibẹ̀ ní November 1864. Nínú oníṣẹ́ ọwọ́ 24 tó ń ṣe wọ́n, ẹrú dúdú ni 22.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ àwọn 22 yẹn ṣe. Irin tí wọ́n rí lò fún sìlíńdà kò lágbára tó. Wọ́n á gbé ọ̀pá irin náà síná, wọ́n á lọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ́ aṣọ tútù kí omi rẹ̀ lè jáde, kí fọ́nrán irin má bàa dúró lóòró níbi tí ẹ̀tù ti ń tì í. Lára àwọn ojúlówó tó ṣẹ́kù, ẹ óò rí ìlà tó ń lọ́ yípo sìlíńdà náà. Kò sí ẹ̀dà tí mo rí tó ní ìlà yẹn, irin tòní kò nílò rẹ̀. Idẹ wọn gan-an pupa ju tàwọn ẹ̀dà lọ, torí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá rí ẹ̀dà tó ní àwọ̀ ìyeyè bí òrùka ọjà, mo máa ń mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò wo ti gidi rí.

Dèjì Sinimá (Ìbàdàn):

Ẹ kú ìjókòó o. Fíìmù nípa ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn la fẹ́ yà. Ṣé mo lè ra ọ̀kan nínú àwọn èyí kí ẹnì kan bá mi gbé e wálé? Ti Webley tí àwọn ọ̀gá sójà òyìnbó ń gbé ni mo fẹ́ jù.

Alábòójútó:

Dèjì, rárá o. Lábẹ́ òfin ìbọn Nàìjíríà, rìfọ́fà wà lára ohun ìjà tí a kà léèwọ̀ fún aráàlú, ẹ̀dà tó ń yìn kò sì yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹ sí wàhálà ní pápákọ̀ òfurufú. Wá gbẹ́nàgbẹ́nà kan, kó gbẹ́ ẹ fún ẹ, kí ẹ fi ọ̀dà àti eérú kùn ún. Kámẹ́rà ò ní mọ̀. Kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá àdúgbò létí kí ẹ tó gbé e jáde lọ yàwòrán.

Ẹ̀yin tó wà ní Britain náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀dà tó ń yìn, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Èyí tí kò lè yìn tó jọ ìbọn òde òní, òfin 2006 dí títà rẹ̀ lọ́wọ́, àyàfi fún àwọn bíi onítíátà àti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Àmọ́ òfin yẹn kò ka ìbọn tí ìrísí rẹ̀ ti wà ṣáájú 1870 sí ti òde òní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ta Colt 1851 onísíńkì fún yín láti gbé kọ́ ògiri, tí ti Webley sì máa ń fa ọ̀rọ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má gbé e rìn níta.

Àkàndé Houston:

Ẹ dákun, kí àwọn ẹlòmíì fi tèmi kọ́gbọ́n. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra Navy "ojúlówó" lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọjà àwọn ohun àtijọ́. Ó ti dípẹtà, igi rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ilé àwọn ìyá àgbà. Mo san owó ojúlówó. Mo gbé e délé, mo tú ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́, èyí tí wọ́n fi ń ti ọta wọlé, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Kí ni mo rí níbẹ̀? Lẹ́tà PN, ìyẹn ẹ̀tù dúdú lédè Ítálì, àti àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ AC sí nínú. Àmì tí ilé àyẹ̀wò ìbọn ní Gardone, ní Val Trompia yẹn, máa ń lù nìyẹn, AC sì ni 1977. Ẹni tó tà á ti fi fáìlì pa gbogbo àkọlé òkè rẹ́, ó ti fi nǹkan kíkan jẹ irin kó lè dà bí arúgbó, ó gbàgbé abẹ́. Ìbọn tí mo sọ pé ó ti lé ní 100 ọdún, àbúrò mi ni!

Ohun tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ ìsọdarúgbó yẹn dára. Ó mọ ibi tí ọwọ́ máa ń kàn, ó mọ ibi tí àpò awọ máa ń ha. Ká ní ó sọ òótọ́, mo máa sanwó iṣẹ́ yẹn fún un.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Leeds:

Bọ̀ọ̀dá Àkàndé, ẹ pẹ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ibí ni, owó nìkan kọ́ ni ẹ óò pàdánù, ọlọ́pàá á béèrè ìwé àṣẹ.

Mo ti dé o. Èmi àti bàbá kọ́kọ́ lọ sí Royal Armouries, ilé ìkóhun-ìjà-àtijọ́-sí tó wà ní Leeds níbí, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, mo fojú mu ti gidi yó. Lọ́jọ́ kejì la lọ sí ẹgbẹ́ wọn. Uberti méjì, Pietta kan àti Colt 1971 kan ni wọ́n tò sórí tábìlì fún wa, òfìfo ni gbogbo wọn, wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí. Mo fi èékánná tọ èèkù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Uberti àkọ́kọ́ kọ́ mi lọ́wọ́ níbi méjì. Uberti kejì, mo dijú, mi ò mọ ibi tí igi parí sí tí idẹ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ kan náà ni, àfonífojì kan náà! Ti Pietta dára ju bí mo ṣe rò, àyàfi pé ìdí rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó ni ín ní àwọn tuntun wọn ti yàtọ̀ sí i. Ti Colt ló rẹwà jù, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á ra Uberti méjì, á ṣẹ́ ṣéńjì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ohio):

Ẹ kú oríire. Uberti kejì yẹn, kí bàbá tó san kọ́bọ̀, kó wo nǹkan méjì sí i. Irin pẹlẹbẹ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí èkejì tó so ọ̀pá mọ́ ara, kí àtàǹpàkò lè tì í wọlé ṣinṣin. Bí ó bá nílò òòlù, tàbí tó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ, kó fi í sílẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà kan, ọ̀pá àárín tí sìlíńdà ń yí lé lórí kì í dé ìsàlẹ̀ ihò tó yẹ kó jókòó sí, nítorí náà bí ẹ bá ṣe ń ti irin pẹlẹbẹ yẹn wọlé sí ni àyè tó wà láàárín ọ̀pá ìbọn àti sìlíńdà ń yí padà. Èkejì, kó wo ara sìlíńdà. Bí ìlà kan bá wà tó yí i ká láti ihò kan dé èkejì, irin kékeré tó ń dá a dúró ń tètè jábọ́, ó ń ha á lára. Kó má fa ìfà ìbọn náà lófìfo o, òòlù ìbọn á fọ́ àwọn orí tí wọ́n ń fi kàápù tó ń tan ẹ̀tù sí.

Ẹ sì má jẹ́ kí bàbá tàn yín sí oak fún àpótí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Leeds:

Kí ló dé? Ó ti ń sọ ọ́ o. Ó ní wọ́n lo oak náà láyé ijọ́un.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ohio):

Wọ́n lò ó, àwọn ọta òjé inú rẹ̀ sì hu funfun bí ẹ̀fun. Oak máa ń mí èémí kíkan, bíi fínígà, kì í sì dáwọ́ dúró bó ti wù kó gbẹ tó. Nínú àpótí tí a pa dé, òjé ló kọ́kọ́ máa ń jẹ, lẹ́yìn náà irin. Ọ̀gànwó yín yẹn ló dáa. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù abẹ́ aṣọ gbẹ tán pátápátá, kí ẹ fi àpótí sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Leeds:

Ẹ kú àìsinmi gbogbo yín. Bàbá ra Uberti kejì yẹn, irin pẹlẹbẹ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àtàǹpàkò láìmì. Nítorí òfin, ìbọn kò lè sùn ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo wá lọ wọ̀n ọ́n nílé bàbá, mo sì fi igi páìnì gbẹ́ ọ̀kan tó bá a dọ́gba láti máa fi dán àpótí wò. Dèjì, mo ronú kàn ẹ́ nígbà tí mò ń gbẹ́ ẹ. Ibi tí mo ti ṣe wàhálà jù ni ìsàlẹ̀ èèkù. Ó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbẹ́ ẹ kó tó jọ ọ́.

Aṣọ ti wà nínú àpótí, ó ṣí kalẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kọ́kọ́rọ́ idẹ ló kù. Màmá Káyọ̀dé, ẹ ò rí Brasso yẹn, ṣé ẹ ṣì ní in nílé?

Màmá Káyọ̀dé (Maryland):

Ọkọ mi ti gbé e pamọ́ fún mi.